Stent tó ń yọ́ ni mo lọ bèèrè, èyí tí kì í yọ́ ni wọ́n fi sí mi láyà

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ṣèlérí fún àwọn kan pé tí ara mi bá balẹ̀ tán máa kọ nǹkan sílẹ̀ nípa stent tí wọ́n fi sí mi láyà, ìyẹn àwọ̀n kékeré bíi páìpù tí wọ́n máa ń fi sínú iṣan ọkàn tó dí kó lè wà ní ṣíṣí, torí nígbà tí èmi náà ń wá ẹni tó máa ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ní Yorùbá mi ò rí ẹnì kankan, gbogbo èèyàn kàn ń sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é", ẹni tó sì ti ṣe é rí kì í fẹ́ kó hàn sí ayé. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ó pé oṣù mẹ́jọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Erékùṣù Èkó ni ọsibítù náà wà, mi ò ní dárúkọ wọn torí ọ̀rọ̀ owó kan ṣì wà láàárín àwa méjèèjì, ẹ máa gbọ́ ọ tó bá yá.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ẹni ọdún 57 ni mí. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ Onípànù ló tú mi fó. Tí mo bá ti gun àtẹ̀gùn ẹ̀ dé ìdajì, nǹkan kan á kàn wá jókòó sí mi láyà bí ẹni gbé páálí bébà lé mi, á mú mi dé ọrùn, á mú mi dé apá òsì, tí mo bá wá dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ó ti lọ nìyẹn, bí ẹni pé kò wáyé rí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Obìnrin kan wà lórí afárá yẹn tó ń ta áńkáṣíìfù àti sọ́kìsì, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, máa ṣe bíi pé mò ń yẹ ọjà wò kí àyà yẹn lè tú mi sílẹ̀, nígbà tí ojú sì ń tì mí láti dúró lásán lójoojúmọ́, máa ra ìkan. Mo ra áńkáṣíìfù títí ó fi lé ní ogún. Ìyàwó mi ló bá wọn nínú dúrọ́ọ̀, ó ní ta ni mò ń ra áńkáṣíìfù fún, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, ni mo bá jẹ́wọ́.

Kí n tó dé ọsibítù, oníkémíìsì àdúgbò wa ti fún mi ní oògùn ọgbẹ́ inú fún oṣù méjì, ẹnì kan náà ti gbé agbo jẹ̀díjẹ̀dí fún mi. Mi ò bá wọn jà, èmi náà rò pé inú ni. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àyà tó ń fún èèyàn tó bá ń gun àtẹ̀gùn, tó sì ń lọ tó bá sinmi, kì í ṣe ọgbẹ́ inú, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì.

Èmi ṣe tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n ní kí n máa rìn lórí ẹ̀rọ tó ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀, mi ò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ẹ̀ tí wọ́n fi ní ó tó, ẹ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn fúnra ẹ̀ ló ti ń dí, ọ̀rá ló lẹ̀ mọ́ ọn nínú bí ìdọ̀tí ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ páìpù ibi ìfọṣọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa dókítà yẹn látìbẹ̀rẹ̀ ni pé kò sáré nà mí ní owó stent. Ó ní irú tèmi yìí, tó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá lo agbára nìkan ló ń mú mi, oògùn ni àwọn máa kọ́kọ́ fún un. Ó ní ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ISCHEMIA, tí wọ́n fi èèyàn tó lé ní 5,000 ṣe, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2020, fi hàn pé fún àwọn bíi tèmi stent kì í fi ẹ̀mí gùn ju oògùn lọ, ìrora ló máa ń mú kúrò. Ti ẹni tí ìkọlù ọkàn bá kì mọ́lẹ̀ lójijì yàtọ̀ o, ìyẹn ò ní ìdúró rárá, ọsibítù ni tààrà. Mo lo oògùn fún oṣù mẹ́ta, ó dín kù, kò lọ, mi ò ṣì lè gbé bébà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìgbà yẹn ló wá ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo inú iṣan yẹn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ stent tó ń yọ́ ti wọlé. Àbúrò mi tó wà ní London gbọ́, ó fi fọ́ìsì nóòtù ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. "Bọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin sí yín láyà o! Èyí tó ń yọ́ fúnra ẹ̀ ti wà, tó bá ti ṣiṣẹ́ tán á kàn pòórá, ẹ sọ fún wọn pé ìyẹn lẹ fẹ́." Orí mi wú. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò tíì sí ohun tó ń já mi láyà ju irin yẹn lọ. Alájọgbélé mi kan ti sọ fún mi pé ẹni tí irin bá wà láyà ẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde tí òjò bá ń rọ̀, pé àrá á wá a wá. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn òjò rọ̀, mi ò sùn.

Ni mo bá lọ bá dókítà, mo ní stent tó ń yọ́ ni mo fẹ́, owó kì í ṣe ìṣòro. (Owó ni ìṣòro, mo kàn ń ṣe ẹnu ni.) Ọmọ náà ò ju ọmọ tí mo lè bí lọ. Kò fi mí rẹ́rìn-ín, kò sì ní "ẹ̀yin ẹ fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ fún wa" bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Ó fa àpòòwé èsì tẹ́ẹ̀sì mi mọ́ra, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya nǹkan.

Ó ní, "Dádì, ẹ ti kọ́lé rí?"

Mo ní mo ti kọ́ ìkan sí Ìkòròdú, kò tíì parí.

Ó ní, "Tí wọ́n bá da dẹ́kì, kí ni wọ́n fi ń gbé e ró?"

Mo ní ọparun.

Ó ní, "Tí dẹ́kì bá ti gan tán ńkọ́?"

Mo ní kápẹ́ńtà á wá yọ ọparun ẹ̀.

Ó ní bó ṣe rí nìyẹn. Iṣan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bálúùnù là fẹ́ nǹkan tó máa gbé e ró fún oṣù bíi mélòó kan kó má baà padà wó lulẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kò nílò nǹkan kan mọ́, ara ti gan. Irin á ṣì wà níbẹ̀ títí ayé, ọparun tí ẹnì kankan ò yọ. Ni àwọn onímọ̀ bá ní ẹ jẹ́ ká ṣe ọparun tó máa yọ ara ẹ̀. Ó ní èrò yẹn dáa gan-an, kò sí dókítà ọkàn tí kò fẹ́ ẹ. Ó wá wò mí lójú. "Àmọ́ Dádì, tí ọparun bá lọ já sílẹ̀ nígbà tí dẹ́kì ò tíì gan ńkọ́? Tàbí tí ìkan já, tó wá lọ dábùú ọ̀nà?" Mi ò lè dáhùn, torí ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ bí ilé ṣe ń wó.

Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀ látìlẹ̀. Ní 1977, ní Zurich, dókítà ọmọ Jámánì kan, Andreas Grüntzig, ló kọ́kọ́ ti bálúùnù kékeré wọnú iṣan ọkàn ẹni tó wà láàyè tó sì jí, tó fẹ́ ẹ, tí iṣan là. Wàhálà ẹ̀ ni pé nǹkan bí ìkan nínú mẹ́ta ló tún máa ń padà dí. Ní 1986 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí fi stent onírin síbẹ̀, ní ilẹ̀ Faransé àti Switzerland, ìyẹn náà dín in kù ṣùgbọ́n ẹran ara máa ń hù bo irin yẹn nínú, ló bá di pé láti nǹkan bí ọdún 2000 sókè wọ́n ń fi oògùn pa irin náà lára, tí ẹran ò fi ní hù jù. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí nìyẹn, cobalt àti chromium ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, tín-ín-rín báyìí.

Èyí tí àbúrò mi ń pariwo ẹ̀, Absorb lorúkọ ẹ̀, iléeṣẹ́ Abbott ti Amẹ́ríkà ló ṣe é. Kì í ṣe irin rárá, ohun tí wọ́n fi ṣe é bá òwú tó ń yọ́ fúnra ẹ̀ tan, èyí tí wọ́n fi ń rán obìnrin tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún láti bímọ. Ìyàwó mi mọ òwú yẹn dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi rán an. Ara á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á di omi àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, tó bá fi máa tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kò sí mọ́. Yúróòpù gbà á wọlé ní 2011. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù keje 2016, gbogbo ayé ń jó. Oṣù kẹsàn-án 2017, Abbott fúnra ẹ̀ ní òun ò tà á mọ́. Oṣù mẹ́rìnlá péré ló lò lórí igbá ní Amẹ́ríkà. Fọ́ìsì nóòtù àbúrò mi ti fi ọdún gbọọrọ gbọọrọ pẹ́ kó tó dé.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọmọkùnrin mi bá mi wá ìwádìí yẹn lórí fóònù lálẹ́, àwa méjèèjì jókòó tì í, torí èmi ò kì í gba ọ̀rọ̀ láìrí ìwé ẹ̀, iṣẹ́ mi nìwé. Wọ́n kó èèyàn 2,008 jọ ní ìwádìí tí Amẹ́ríkà fi gbà á wọlé, wọ́n fi Absorb sí àwọn kan, wọ́n fi onírin sí àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú ọgọ́rùn-ún tó gba Absorb, 7.8 ni ibi tí wọ́n fi sí fún níyọnu, ti onírin jẹ́ 6.1. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò pọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kò burú. Nígbà tó di ọdún kejì ló di 11 sí 7.9. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì sínú ẹ̀, tí ìyẹn gan-an ni ikú, jẹ́ 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ti onírin jẹ́ 0.8. Ní ilẹ̀ Netherlands tí wọ́n ti ṣe tiwọn lára èèyàn 1,845, èèyàn 31 ni ẹ̀jẹ̀ dì sínú Absorb fún, ti onírin jẹ́ 8. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, 31 sí 8. Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ stent tó ń yọ́ sílẹ̀ nínú ọkàn mi nìyẹn.

Ohun tó fà á wá jẹ́ ohun tí èmi onítẹ̀wé lóye ju dókítà lọ, ẹ má bínú. Òwú yìí ò lágbára tó irin, kó tó lè gbé iṣan ró wọ́n ní láti ṣe é kó nípọn. Okùn tí wọ́n fi hun Absorb nípọn tó 157 micron (ẹgbẹ̀rún kan micron ló wà nínú mìlímítà kan), ti Xience, stent onírin tí wọ́n fi wé e, jẹ́ 81. Mo ní máṣínnì ìwọ̀n nípọn ní ṣọ́ọ̀bù, bébà 80 gram tí gbogbo Ṣómólú fi ń tẹ ìwé, nǹkan bí 100 micron ni. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé irin yẹn fẹ́lẹ́ ju bébà tí ẹ fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì lọ, Absorb sì nípọn tó bébà olówó iyebíye tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà sí gómìnà. Ẹ wá fi ìyẹn sínú iṣan tí kò fẹ̀ ju ọpá bírò kékeré lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ṣàn lọ á kọsẹ̀ lára ẹ̀, á máa yí pooyi, ibi tó bá ti ń yí ló ti ń dì. Ní iṣan tó bá tún kéré jù, ìyọnu ẹ̀ pọ̀ jù.

Yàtọ̀ síyẹn, wọn ò lè fẹ́ bálúùnù fún un gidi bíi ti irin, torí tó bá fẹ̀ kọjá ààlà ó lè ṣẹ́. X-ray náà kì í rí i, àmì kékeré tó wà ní orí àti ìdí ẹ̀ nìkan ni dókítà ń rí, ó kù sọ́wọ́ ojú inú. Ti ọparun tó lọ dábùú ọ̀nà yẹn náà sì jẹ́ òótọ́, bó ṣe ń yọ́ lọ, níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri dáadáa, ẹ̀ya ẹ̀ lè já wọ ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí èèyàn ti rò pé òun ti bọ́.

Mo fẹ́ ṣòdodo ṣá. Wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn èèyàn yẹn dé ọdún karùn-ún, lẹ́yìn ọdún kẹta tí gbogbo ẹ̀ ti yọ́ tán ìyàtọ̀ yẹn ò pọ̀ sí i mọ́, àwọn méjèèjì ń lọ déédéé. Dókítà ní àwọn tó bá lò ó pẹ̀lú sùúrù, tí wọ́n la iṣan gidi kí wọ́n tó fi sí i, tí wọ́n wọn ìwọ̀n ẹ̀ dáadáa, tí wọ́n tún fi bálúùnù líle tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, tiwọn dáa ju ti àwọn tó kàn fi sí i lọ. Kì í ṣe èrò burúkú, ó kàn tètè dé ọjà ni. Ní 2018 àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù wá kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ká má lò ó fún ẹnì kankan àfi inú ìwádìí. Àwọn tó ń ṣe stent tó ń yọ́ ò dáwọ́ dúró o, àwọn ará Jámánì kan, Biotronik, ti ṣe ti magnesium, Yúróòpù gbà á ní 2016, ìyẹn máa ń yọ́ láàárín nǹkan bí ọdún kan, wọ́n sì ti tún gbé èyí tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ wá ní 2024. Abbott náà ti padà, oṣù kẹrin 2024 ni Amẹ́ríkà gba tuntun wọn, Esprit, ti ẹsẹ̀ ni ṣá, ti iṣan tó wà nísàlẹ̀ orúnkún, kì í ṣe ti ọkàn. Ẹ rí i pé ẹni tó bá sọ pé "ó ti wà" ò parọ́, ẹni tó ní "kò sí" náà ò parọ́.

Mo bi í nípa àrá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú ẹ̀. Ó ní irin yẹn kì í fa ohun tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà, máṣínnì ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú ò ní ké, mo sì lè wọnú MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara. Ó ní, "Tí àrá bá pa yín, Dádì, kì í ṣe stent ló fà á."

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la ti wà lórí Third Mainland kí gó-síló má baà ká wa mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é tutù bí inú fíríìsà ẹlẹ́ja, tẹlifíṣọ̀n ńlá ńlá wà lápá òsì mi. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí ni pé nígbà tí mo ṣì wà nínú kọ́ríidọ̀ iná lọ, gbogbo ibẹ̀ ṣú, mo ní Olúwa mi, ká ní mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ní yàrá yẹn ní báátìrì tiẹ̀, kò ní mọ̀ pé iná lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi hàn mí, ó sì mú mi lọ wo káńbọ́ọ̀dù báátìrì ọ̀hún. Nọ́ọ̀sì yẹn, Ọlọ́run á ṣe é lóore.

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ni wọ́n gbà wọlé, wọn ò fi oògùn mú mi sùn. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kú-ara-kú-ara, mi ò mọ̀ nǹkan kan mọ́ àfi pé ohun kan ń rìn lókè apá mi, lẹ́yìn ìyẹn nígbà tí wọ́n fa oògùn aláwọ̀ tó ń jẹ́ kí iṣan hàn nínú X-ray sí i, ooru kan kàn gba gbogbo ara mi, mo rò pé mo ti tọ̀ sára, mi ò tọ̀. Mo rí iṣan mi lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn yòókù ń lọ bí ẹ̀ka igi lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ìkan tó wà níwájú ló rí bí ẹni fi òwú so ó ní ìdí, ibì kan báyìí tí kò tó èékánná. Dókítà ní ó ti dí tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fẹ́ bálúùnù, páálí bébà yẹn tún jókòó sí mi láyà, gan-an bó ṣe máa ń ṣe lórí afárá, mo ké, ó ní "Mo mọ̀, Dádì, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni," ó tú u, páálí kúrò. Ó tún àwòrán yẹn ṣí. Ibi tí òwú so ti di ojú kan náà pẹ̀lú ìyókù. Mo sunkún, mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Wọ́n wé bẹ́líìtì rọ́bà kan mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́ tí afẹ́fẹ́ kún inú ẹ̀, nọ́ọ̀sì á máa wá pẹ̀lú sírínjì, á fa afẹ́fẹ́ yẹn díẹ̀, á tẹjú mọ́ ọn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń yọ, tó bá yọ á dá díẹ̀ padà, á tún lọ. Bó ṣe ṣe títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, kò bínú rí. Ọjọ́ kejì mo ti wà nílé.

Tóò, owó. Wọ́n ní ká san ìdógò kí wọ́n tó fún mi ní ọjọ́, a san. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo wọ aṣọ ọsibítù tán, àwọn akáńtì ní àwọn ò rí i, ká tún san. Mo ti wọ aṣọ tí ẹ̀yìn ẹ̀ là, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi ń sáré sókè sáré sísàlẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì báńkì lórí fóònù, obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó kàn ń sọ pé "madam, kò tíì wọlé lọ́dọ̀ tiwa." Báńkì ní ó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Kí n má baà pàdánù ọjọ́ yẹn, àbúrò ìyàwó mi yá wa, a tún un san. Ọjọ́ kẹta owó àkọ́kọ́ hàn lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n gbà pé ó hàn. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ní kí n kọ lẹ́tà. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́rin, lórí bébà tèmi, pẹ̀lú táìpù tó dáa. Gbogbo owó ẹ̀ lápapọ̀ kọjá mílíọ̀nù márùn-ún náírà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe owó tí èèyàn ń san ní ẹ̀ẹ̀mejì kó sùn.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Yálà onírin yálà tó ń yọ́, ohun tó ń pa èèyàn ni kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ẹ̀, ohun tó sì ń dí i lọ́wọ́ ni oògùn méjì yẹn, aspirin àti clopidogrel. Dókítà ní oṣù mẹ́fà fún clopidogrel ní tèmi, aspirin ni títí lọ, ẹni tí ìkọlù ọkàn bá mú wá ọ̀dọ̀ wọn sábà máa ń lo méjèèjì pé ọdún kan. Ojoojúmọ́. Oògùn ọ̀rá náà wà níbẹ̀. Clopidogrel tí wọ́n ń tà nínú ọsibítù yẹn, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́, mo rí i ní kémíìsì ńlá kan ní Yaba ní ìdajì owó. Ẹnì kan ní kí n lọ ra á ní Idúmọ̀tà, á tún rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ Idúmọ̀tà, mo ti ń ra yíǹkì níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, àmọ́ oṣù kejì 2025 ni NAFDAC lọ ti ọjà oògùn ibẹ̀ pa lórí ọ̀rọ̀ ayédèrú oògùn, tó bá dẹ̀ lọ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n rọ sínú oògùn náà, stent mi ò ní dákẹ́ wò mí. Mo ń ra tèmi ní Yaba, mo ń gba rìsíìtì.

Ní oṣù kẹrin eyín mú mi. Dókítà eyín kan ní Bárígà ní kí n dáwọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kóun lè yọ ọ́. Mo ti fẹ́ gbà o, ìrora eyín kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ìyàwó mi ló gba fóònù, ó pe dókítà ọkàn, aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó gbé e. Ó ní "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí Dádì dá a dúró, ọjọ́ kan ṣoṣo pàápàá, ẹ fún mi ní nọ́ńbà dókítà eyín yẹn." Wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n yọ eyín náà pẹ̀lú oògùn lára mi, ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ, mo gé òwú jẹ mọ́ ọn, ó dá. Ẹni tó bá ní stent kó má gba "dá a dúró" lẹ́nu ẹnì kankan, ì báà ṣe pásítọ̀, ì báà ṣe oníṣègùn eyín, àfi kó pe ẹni tó fi sí i.

Afárá Onípànù, mò ń gùn ún láìdúró báyìí. Obìnrin aláńkáṣíìfù pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní "Alàgbà, ẹ ti rí oníbàárà míì ni?" Mo ní rárá, mo ra méjì.

Tí mo bá máa fún wọn ní máàkì, dókítà àti nọ́ọ̀sì márùn-ún nínú márùn-ún, ká ní mẹ́fà wà máa fún wọn. Stent onírin, márùn-ún. Stent tó ń yọ́ fún ọkàn, bó ṣe wà lónìí, méjì, tí tuntun yẹn bá ti pé ọdún márùn-ún lára ọ̀pọ̀ èèyàn kí wọ́n wá bi mí léèrè. Kémíìsì ọsibítù, méjì. Akáńtì, òdo, òdo ńlá tí mo fi yíǹkì dúdú tẹ̀. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè pẹ̀lú lẹ́tà karùn-ún, mo ti tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n bá dá owó mi padà máa padà wá síbí wá fi ìkan kún tiwọn.